Ìmọ́lẹ̀ Tí Ó Kọ Mànà Láti Ojú Ọ̀run àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣọ́ Ọ

Ní ọdún 1961, nígbà tí ẹ̀rọ lésà àkọ́kọ́ kò tíì ju ọmọ ọdún kan lọ, Robert Schwartz àti Charles Townes dá a lábàá nínú ìwé ìròyìn Nature pé, bí ẹ̀dá olóye bá wà lẹ́bàá ìràwọ̀ mìíràn, wọ́n lè fi ìmọ́lẹ̀ ránṣẹ́ sí ayé dípò rédíò. Lésà ni ẹ̀rọ tí ó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sójú kan kí ó má baà fọ́n ká. Bí wọ́n bá wá fi dígí ńlá darí rẹ̀, tí wọ́n sì fún agbára rẹ̀ pọ̀ sínú nanosẹ́kọ́ǹdì kan, ìyẹn ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá, àsìkò tí ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ kò lè rìn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, ó lè mọ́lẹ̀ ju ìràwọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ kí ó tó kú.

Mímú irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò le tó mímọ irọ́ yàtọ̀ sí òótọ́ nínú ohun tí ẹ̀rọ bá mú. Ní ibùdó ìwòràwọ̀ Lick ní Califóníà, ìgò tí afẹ́fẹ́ kò sí nínú rẹ̀ ni wọ́n lò: bí fótọ́ọ̀nù, tí í ṣe ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tí ó kéré jù lọ, bá kan iwájú ìgò náà, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan a ta jáde, a lọ kọlu àwo irin tí òmíràn yóò ti ta jáde, títí tí ẹyọ kan yóò fi di ẹgbàágbèje tí ó ṣeé kà. Ṣùgbọ́n ooru lásán lè ṣe ohun kan náà láìsí ìmọ́lẹ̀ rárá, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá sì rèé, òṣìkà ni. Nítorí náà ni wọ́n ṣe pín ìmọ́lẹ̀ sí ìgò mẹ́ta ní ọdún 2001, tí wọn kò sì ka ohunkóhun sí àfi èyí tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá rí lẹ́ẹ̀kan náà. Paul Horowitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard lo ẹ̀rọ méjì, lẹ́yìn náà ni wọ́n sì bá Princeton ṣọ́ ìràwọ̀ kan náà pọ̀ láti ibi tí ó jìnnà síra.

Afẹ́fẹ́ ayé gan-an tún ní irọ́ tirẹ̀, nítorí pé àwọn èérún tí ń ti òfuurufú já wọ inú rẹ̀ máa ń dá ìmọ́lẹ̀ búlúù tí kì í ju nanosẹ́kọ́ǹdì díẹ̀ lọ. Dígí mẹ́rin ibùdó ìwòràwọ̀ VERITAS ní Arizona, tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 12, ni wọ́n kọ́ láti fi wo irú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ inú afẹ́fẹ́ a máa rí yàtọ̀ lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ti ọ̀nà jíjìn wá yóò wà lójú kan náà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n fi wá a lẹ́bàá ìràwọ̀ KIC 8462852, wọn kò rí i.

Títí di ìsinsìnyí, kò sí irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kan tí ẹ̀rí rẹ̀ fìdí múlẹ̀. Síbẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n sábà fi ń wo ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ sì ni ìmọ́lẹ̀ tí kì í pẹ́ lè kọjá kí wọ́n tó yíjú síbẹ̀. Ètò PANOSETI, tí ó ń fi awò títẹ́ pẹrẹsẹ wo apá ọ̀run tí ó fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ni ó kọjú sí àléébù yìí, òun ni ó sì yẹ kí owó ìwádìí lọ sí.