Ọ̀NÀ ÒKÈ WA KÒ GBỌDỌ̀ DI IGBÓ

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ìlú kan tí ń gbé ní ilẹ̀ Jámánì sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún àwọn ọmọ Ìdànrè

Èmi kọ́ ni mo gbọ́n jù nínú wa. Ohun tí mo bá pàdé lọ́nà ni mo mú wá, ọ̀rọ̀ náà kò sì ju ọ̀rọ̀ ọ̀nà lọ.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, ìyá bàbá mi a máa mú mi gba ẹ̀yìn òkè lọ sí oko kòkó. A kò kọ àmì kankan sí ojú ọ̀nà náà. Ìrókò kan ni ó wà níbi tí ọ̀nà ti pín sí méjì. Àpáta kan wà níwájú rẹ̀ tí ó dà bí ìyá tí ó pọn ọmọ. Lẹ́yìn náà ni odò kékeré kan tí a fi ń pa òùngbẹ. Nígbà tí mo wálé ní ọdún tí ó kọjá, mo ní kí n tún ọ̀nà náà rìn. Mo dé ibi ìrókò, kùkùté ni mo bá. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, igbó ti bo gbogbo rẹ̀. Ọmọkùnrin tí ó tẹ̀lé mi, tí a bí tí a sì tọ́ ní ìlú yìí, sọ fún mi pé òun kò mọ̀ rí pé ọ̀nà kan wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra.

Gbogbo wa ni a mọ ohun tí àwọn baba ńlá wa fi sílẹ̀ fún wa. Orí òkè ni wọ́n gbé fún ọ̀pọ̀ ìran kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Òkè náà ga tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ojú òkun, àtẹ̀gùn tí à ń gùn dé ibẹ̀ sì lé ní 600. Ààfin Ọwá àtijọ́, ilé ẹjọ́ àtijọ́, ilé agogo, omi Apáàrà àti ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn, gbogbo wọn ni ó wà níbẹ̀. Láti ọdún 2007 ni orúkọ òkè wa ti wà nínú ìwé tí ìjọba Nàìjíríà fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ UNESCO, kò tíì wọ àkọsílẹ̀ ńlá ti gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ni àtẹ̀gùn jẹ́. Àwọn ọ̀nà tí ó gba inú igbó kọjá láàárín àpáta, tí àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ mọ̀ bí ẹní mọ àtẹ́lẹwọ́, àwọn ni mo ń sọ.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ohun tí mo fẹ́ dábàá kò ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí níbi tí mo ń gbé. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Jámánì, igbó olókè kan wà tí à ń pè ní Schwarzwald, ìtumọ̀ rẹ̀ ni Igbó Dúdú. Ní ọdún 1864, àwọn onílé-ìtura àti àwọn oníléeṣẹ́ agbègbè náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí ayé lè mọ ilẹ̀ wọn. Ní ọdún 1900, ẹgbẹ́ yìí sàmì sí ọ̀nà ẹsẹ̀ kan láti ìlú Pforzheim dé ìlú Basel, nǹkan bí 285 kìlómítà. Àmì pupa onígun mẹ́rin ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n títí di òní. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni ó ń tọ́jú ọ̀nà náà láìgba owó. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ẹni tí ó ń bójú tó ọ̀nà àdúgbò rẹ̀. Bí igi bá wó dí ọ̀nà, ẹ̀ka yẹn ni yóò gbé e kúrò.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́dọ̀ wọn kò le. Ọ̀nà tí ó bá ti orí òkè já tààrà wá sísàlẹ̀, ọ̀gbàrá ni yóò jogún rẹ̀; kò ní pẹ́ di kòtò. Ẹ̀gbẹ́ òkè ni à ń là á gbà, kí ó máa yí lọ yí bọ̀, kí a sì to òkúta dábùú rẹ̀ kí omi lè yà sínú igbó. Oríta ni a sì ń sàmì sí ju ibikíbi lọ, nítorí pé oríta ni àlejò ti ń ṣìnà.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbàlagbà kan ń bẹ̀rù pé àlejò yóò wọ ibi tí kò yẹ kí ó wọ̀, àwọn àgbẹ̀ sì ń bẹ̀rù fún kòkó wọn. Ẹ̀rù wọn tọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tí kò sí ọ̀nà gan-an ni ẹsẹ̀ ń lọ síbi gbogbo. Ọ̀nà tí a là tí a sì sàmì sí ni ó ń sọ fún àlejò pé ibi báyìí ni kí o dúró. Ẹ wo irú ọ̀pọ̀lọ́ kan tí ó wà lórí òkè wa, tí a kò tíì rí níbòmíràn lágbàáyé. Ọdún 1963 ni onímọ̀ kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀; lẹ́yìn náà, ó lé ní ogójì ọdún kí àwọn onímọ̀ tó tún fojú kàn án. Ojú àpáta tí omi ń sun lé lórí ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà. Bí ẹsẹ̀ bá ń tẹ ojú àpáta bẹ́ẹ̀ láìníjàánu, wọn yóò run. Ọ̀nà rere ni yóò yà kúrò níbẹ̀.

Nítorí náà, mo dá ìmọ̀ràn mẹ́rin. Èkíní, kí àwọn ọ̀dọ́ wa tẹ̀lé àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ àgbà wọ igbó ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀, nítorí pé àpáta a máa yọ̀ nígbà òjò, kí wọ́n sì kọ orúkọ gbogbo ọ̀nà àti ibi ìsinmi sílẹ̀. Èkejì, kí a kọ́kọ́ la ọ̀nà kan ṣoṣo, kí a là á dáadáa. Ẹ̀kẹta, kí àwọn olóyè àti àwọn onílẹ̀ fohùn ṣọ̀kan pé a kò ní gé igi ńlá tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà náà. Ẹ̀kẹrin, kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan gba apá kan nínú rẹ̀ láti máa ro, kí amọ̀nà tí yóò mú àlejò lọ sì jẹ́ ọmọ ìlú tí ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ní ti àdá, ọkọ́ àti ọ̀dà tí a ó fi bẹ̀rẹ̀, èmi yóò rà wọ́n ránṣẹ́. Mo sì ń bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́yìn odi pé kí wọ́n fi tiwọn kún un.

Ẹ má jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ yìí dọ́la. Ọ̀nà kò sí nínú ìwé kankan. Inú àwọn bàbá díẹ̀ tí ó kù ni ó wà. Ọjọ́ tí ẹni ìkẹyìn nínú wọn bá lọ, ó ti mú un lọ nìyẹn. Mo tún fẹ́ gba ọ̀nà ìyá bàbá mi kọjá, kí ọmọ mi sì mọ̀ ọ́n lẹ́yìn mi.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìlú wa máa tẹ̀ síwájú. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.