Ata gígún lójú omi

Nígbà tí wọ́n ti ilé-ìwé pa nítorí àrùn Kòrónà ní ọdún 2020, orí fóònù ni mo ti kọ́ àwọn ọmọ òrukàn wa ní sáyẹ́ǹsì. Wọ́n bu omi sí abọ́, wọ́n da ata gígún díẹ̀ sójú rẹ̀, wọ́n sì fi ìka ọlọ́ṣẹ kàn án. Ata sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́! Ojú omi fà le bí awọ ìlù. Ọṣẹ mú un dẹ̀ lójú kan, ìyókù sì fa ata lọ.

Ọmọ kan kò sí níbẹ̀. Omi, ata àti ọṣẹ wà nílé wọn. Fóònù ni kò sí. Sàká tọ́ sí irú aláìní bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ọ́. Kí Ọlọ́hun gbà á lọ́wọ́ yín. Àmín.