Ọjọ́ Tí Ìrora Tán Kọ́ Ni Ọjọ́ Tí Egungun Dì

Bí ẹ ṣe mọ̀, iṣẹ́ dókítà eyín ni mò ń ṣe. Àṣìṣe tèmi fúnra mi ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tòní.

Bàbá kan wá sọ́dọ̀ mi. Bíríkìlà ni wọ́n. Eyín ẹ̀yìn kan ti yọ lẹ́nu wọn nísàlẹ̀, wọ́n sì fẹ́ implant. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, implant ni skúrù kékeré tí a fi titanium ṣe, tí a máa ń rì sínú egungun àgbọ̀n dípò gbòǹgbò eyín tó ti yọ. Bó bá ti dì mọ́ egungun tán, a ó wá gbé eyín tuntun lé e lórí.

Mo ṣe iṣẹ́ náà, ó lọ dáadáa. Mo ní kí wọ́n má fi ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ jẹun, kí wọ́n máa jẹ ohun tó bá rọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ìrora ti tán, ojú ibẹ̀ kò wú mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n lọ síbi ìnáwó, wọ́n jẹ àsun, ẹ̀gbẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n sì fi fọ́ egungun. Nígbà tí wọ́n máa fi padà wá, skúrù ti ń mì bí òpó tí wọ́n rì sínú iyanrìn. Mo ní láti yọ ọ́. Owó wọn lọ, àsìkò wọn náà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú egungun yẹn fún yín. Lọ́jọ́ tí a rì skúrù, egungun tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló dì í mú, bí igi ṣe máa ń di skúrù mú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a fi gbẹ́ ihò ti pa egungun náà lára díẹ̀. Ara á kọ́kọ́ kó èyí tó ti bàjẹ́ kúrò, kó tó fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹrin, ìdìmú àkọ́kọ́ ń dín kù, tuntun kò sì tíì lágbára. Ìgbà yẹn gan-an ni skúrù rọrùn jù láti mì, ìgbà yẹn náà sì ni aláìsàn rò pé ara òun ti yá. Bó bá ń mì ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ, ẹran rírọ̀ ni ara lè hù yí i ká dípò egungun.

Ìmọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1952, Per-Ingvar Brånemark, onímọ̀ ìṣègùn ọmọ Sweden, ń fi ehoro ṣe ìwádìí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú egungun. Nígbà tó fẹ́ yọ irinṣẹ́ titanium tó fi sí i, kò yọ mọ́: egungun ti dì mọ́ ọn. Ní 1965 ló fi irú rẹ̀ sẹ́nu èèyàn. Ní ìlànà tirẹ̀, wọ́n á fi skúrù sílẹ̀ fún oṣù 3 nísàlẹ̀, oṣù 6 lókè, torí egungun òkè máa ń rọ̀ jù. Lónìí, a ti ń mú ara skúrù rí ságisági kí egungun lè tètè dì í, àwọn kan sì wà tí a lè tètè gbé eyín lé fún. Dókítà ló máa pinnu ìyẹn, kì í ṣe ìrora tó tán.

Kí ló ń ran egungun lọ́wọ́? Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn dáadáa ni àkọ́kọ́. Sìgá máa ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀, nítorí náà, ẹni tó bá ń mu ún, kó fi sílẹ̀ ṣáájú iṣẹ́, kó má sì padà sí i. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kó jẹ́ kí ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀ ká tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń lo oògùn fún egungun tó ń rọ, kó sọ fún wa. Ní tiwa, a gbọ́dọ̀ máa da omi tútù sí ẹ̀rọ, torí bí egungun bá gbóná dé 47°C fún ìṣẹ́jú kan péré, ó lè bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, ìmọ́tótó ẹnu, àti sùúrù.

Nígbà tí mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún bàbá, wọ́n wò mí títí.

“Dókítà, ṣé bíi dẹ́kìn ni?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ká ní ẹ ti sọ fún mi pé bíi dẹ́kìn ni, n kì bá ti fẹnu kan àsun yẹn. Èmi tí mo máa ń lé ọmọ iṣẹ́ tó bá yọ pákó kí ọjọ́ tó pé!”

Ojú tì mí. Mo ti sọ ohun tí wọn kò gbọdọ̀ ṣe fún wọn, n kò sọ ìdí rẹ̀. A dúró kí egungun kún ihò náà, a tún un rì. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn gan-an ló ń ka ọjọ́ fún mi. Eyín náà ti wà lẹ́nu wọn báyìí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe é, ẹ bi dókítà yín ní ìbéèrè kan: “Ìgbà wo ni pákó máa kúrò?” Kí ó tó dáhùn, ẹ má fọ́ egungun o. Ó dìgbà kan ná.