Ta Ló Kọ́ Ayétòrò?

Ìtàn lẹ ní kí n sọ. Mi ò lọ jìnnà: etí òkun Ìlàjẹ, nísàlẹ̀ Orè wa níbí, ni mo ń lọ.

Ní 1947, àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù kan tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí kó jáde, wọ́n tẹ Ayétòrò dó sórí ẹrọ̀fọ̀. Ohun gbogbo di ti àjọni: ọkọ̀, àwọ̀n, oúnjẹ. Kò sí owó oṣù. Kò pẹ́ tí iná mànàmáná fi ń tàn níbẹ̀, tí wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú lókè níbí ṣì ń tan àtùpà.

Kí ló fà á? Ibẹ̀ ni ìjà wà. Àwọn àgbà ibẹ̀ ní Ẹ̀mí Mímọ́ ni, ó tán. Stanley Barrett, ọ̀mọ̀wé láti Kánádà, kò gbà. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1977, ó fi Ayétòrò wé ìlú mìíràn nítòsí tí wòlíì ń ṣàkóso, ṣùgbọ́n tí kálukú ń jẹ tirẹ̀. Ìgbàgbọ́ wọn jọra, ọrọ̀ wọn kò jọra. Ó ní àpò àjọni ló ṣe é.

Irú ìjà yìí wà ní South Africa náà. Ní 1856 sí 1857, àwọn Xhosa pa màlúù wọn nítorí àsọtẹ́lẹ̀ ọmọbìnrin kan, Nongqawuse, ìyàn sì pa wọ́n lọ bẹẹrẹ. J. B. Peires kọ ọ́ ní 1989 pé àrùn màlúù ló ṣílẹ̀kùn fún àsọtẹ́lẹ̀ náà; ọ̀pọ̀ Xhosa ní irọ́ ni, ọgbọ́n Gómìnà George Grey ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ẹ̀rí Barrett lágbára, àmọ́ ó ku ibì kan. Kí ló mú apẹja gbé àwọ̀n rẹ̀ fún gbogbo ìlú? Àwọn wòlíì yẹn kọ́ wọn pé àwọn ò ní kú. Ẹni tí kò retí ikú, ta ló ń kó ogún jọ dè? Ṣùgbọ́n ikú ń mú wọn, nígbà tó sì di 1968, wọ́n gbà kí kálukú máa ní tirẹ̀. Lójú tèmi, ìyẹn kì í ṣe èèṣì.

Olówó ni Barrett pe ìlú náà nínú ìwé, ó fi orúkọ gidi pamọ́. Òkun sì ti ń gbé ilé lọ ní Ayétòrò báyìí. Àwọn tó bá wọn ri òpó àkọ́kọ́ kò pọ̀ mọ́. Ẹ wọkọ̀ dé Igbókòdá, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi, kí ẹ mú fóònù yín dání láti gba ohùn wọn sílẹ̀.