Àwọn Tó Ń Ṣọ́ Ìràwọ̀ Onírù

Ìràwọ̀ onírù ti dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ayébáyé. Bí ó bá yọ, wọn a ní ọba kan fẹ́ wàjà, tàbí pé ogun àti ìyàn ń bọ̀. Kò yẹ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tètè wọ Mùsùlùmí létí, nítorí pé nígbà tí Ibrahim ọmọ Ànábì Muhammad kú tí oòrùn sì ṣókùnkùn, Ànábì fúnra rẹ̀ ló sọ pé oòrùn kì í ṣókùnkùn nítorí ikú ẹnikẹ́ni.

Ojú ọ̀tọ̀ ni àwọn kan fi ń wo ìràwọ̀ onírù. Kò sí ẹni tó ń san owó fún wọn. Bí iṣẹ́ òòjọ́ bá parí ni wọ́n ń gbé awò jáde ní òru. Ohun tí irú wọn rí láàárín oṣù keje 1995 sí oṣù karùn-ún 1996 kì í ṣe kékeré.

Ní òru ọjọ́ 23, oṣù keje 1995, Alan Hale wà níwájú ilé rẹ̀ ní New Mexico, ní Amẹ́ríkà. Ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìràwọ̀ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ òru ọjọ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni gbà á sí. Ó ti lo wákàtí tó lé ní 400 rí láti wá ìràwọ̀ onírù tuntun, kò rí ẹyọ kan. Ní òru yìí kò tilẹ̀ wá nǹkan kan. Ó ń dúró kí ọ̀kan tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ yọ ni, ó wá kọjú awò sí àgbájọ ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní M70, ó sì rí ohun kan bí òwú níbẹ̀. Ní òru kan náà, Thomas Bopp, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ohun èlò ìkọ́lé, wà nínú aṣálẹ̀ Arizona. Kò ní awò tirẹ̀. Ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó fi rí i. Ó padà délé, ó tẹ wáyà. Báyìí ni orúkọ àwọn méjèèjì ṣe mọ́ ọn: Hale-Bopp.

Yuji Hyakutake, ará Japan, jẹ́ ọmọ ọdún 15 nígbà tí Ikeya-Seki yọ ní 1965, ìfẹ́ nǹkan wọ̀nyí sì wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Nígbà tó dàgbà, ó kó lọ sí Kagoshima níbi tí òru ti dúdú dáadáa. Awò olójú méjì ni ó ń lò, èyí tí fífẹ̀ gíláàsì rẹ̀ tó 15 sẹ̀ǹtímítà. Ní ìparí oṣù kejìlá 1995, ó rí ọ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ 5 lẹ́yìn náà, ó tún lọ wo apá ibẹ̀, ó sì bá òmíràn pàdé! Ní ọjọ́ 25, oṣù kẹta 1996, èyí kọjá lẹ́bàá ayé ní nǹkan bí mílíọ̀nù 15 kìlómítà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, ọkọ̀ òfuurufú Ulysses gba inú ìrù rẹ̀ kọjá láìmọ̀, níbi tó jìnnà sí orí rẹ̀ ju mílíọ̀nù 500 kìlómítà lọ. Ọdún 2000 ni wọ́n tó kéde rẹ̀.

Ìràwọ̀ onírù kì í ṣe ìràwọ̀ rárá. Omi dídì àti eruku ni. Bí ó bá súnmọ́ oòrùn, omi dídì náà a di afẹ́fẹ́, eruku a tú jáde, ìmọ́lẹ̀ àti ìjì tó ń ti ara oòrùn wá a sì tì wọ́n sẹ́yìn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ó bá ń padà lọ, ìrù ni ó ń ṣíwájú.

Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá 1996, ẹnì kan ya àwòrán Hale-Bopp, ó rí ohun kan tó ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì kéde lórí rédíò pé ohun àjèjì ni. Àwọn onímọ̀ fi hàn pé ìràwọ̀ lásán ni, tó ti wà nínú àkọsílẹ̀ tipẹ́. Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹta 1997, wọ́n bá òkú ènìyàn 39 nínú ilé kan ní California, ọmọ ẹgbẹ́ Heaven's Gate, tí wọ́n gbẹ̀mí ara wọn nítorí ìgbàgbọ́ pé ọkọ̀ kan tó ń tẹ̀lé ìràwọ̀ onírù yìí yóò gbé wọn lọ.

Láti 1998 ni ẹ̀rọ ńláńlá ti ń rí èyí tó pọ̀ jù. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 30, oṣù kẹjọ 2019, Gennadiy Borisov, ní Crimea, fi awò tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe rí ìràwọ̀ onírù àkọ́kọ́ tí ayé mọ̀ pé ó wá láti ọ̀dọ̀ oòrùn mìíràn.