Bí Òjò Bá Ń Rọ̀, Níbo Ni Ọmọ Wa Wà?

  

Iṣẹ́ tí ẹ rán wa lónìí kò gùn. Ẹ ní ká sọ̀rọ̀ lórí ọmọ àti òjò. Ní Ìbàdàn wa yìí, ọlidé gígùn àti òjò jọ máa ń rìn ni. Láti ìparí Oṣù Keje títí wọ Oṣù Kẹsàn-án, àwọn ọmọ wà nílé, àwa wà lọ́jà. Bí òjò bá ṣú, ọjà la máa ń kọ́kọ́ sáré bò. Lẹ́yìn náà la óò wá bi ara wa pé, "Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ọmọ kékeré kò ṣòro, a lè fi í sábẹ́ àtẹ. Àwọn ọ̀dọ́langba gan-an lọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Ọmọ ọdún 14, ọmọ ọdún 16, ẹ ò lè tì í mọ́lé láti àárọ̀ dalẹ́. Bí wọ́n bá mú iná lọ, tí fóònù kú, yóò jáde ni. Bí a ò bá bá a ṣètò ibi tó máa lọ, á ṣe ètò tiẹ̀, a ò sì ní mọ ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ní ká jókòó pẹ̀lú wọn, ká ṣètò ìgbafẹ́ ọjọ́ òjò kí òjò tó dé.

Ẹ má jẹ́ ká rò pé ọ̀rọ̀ fàájì lásán ni. Àwọn àgbà tó wà níbí rántí Omíyalé Ògùnpa, ọjọ́ Àìkú, 31 Oṣù Kẹjọ, 1980. Omi gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó gbé ènìyàn. Àwọn tí kò bá ìyẹn, wọ́n mọ ti ọjọ́ Jímọ̀, 26 Oṣù Kẹjọ, 2011, tí àwọn afárá já láàárín ìlú, tí ẹ̀mí tó lé ní 100 lọ. Ẹ wo ọjọ́ méjèèjì dáadáa. Ìparí Oṣù Kẹjọ ni, ìgbà tí a máa ń sọ pé òjò ti sinmi díẹ̀, tí àwọn ọmọ sì wà ní ọlidé. Òjò ò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa.

Nítorí náà, bí a bá ń wá ibi tí wọ́n máa lọ, ohun mẹ́ta ni ká wò: kó ní òrùlé, kó má jìnnà, kó má sì jẹ́ pé ojú àgbàrá ni wọ́n máa gbà débẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni National Museum of Unity, ìyẹn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Alẹ́ṣinlọ́yẹ́. Abẹ́ òrùlé ni wọ́n máa wà. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ohun kan tó rí níbẹ̀, kó wá ṣàlàyé ẹ̀ fún wa nílé. Ẹ béèrè owó ìwọlé kí ọjọ́ tó pé.

Èkejì, ẹ jẹ́ ká lo àwọn èèyàn wa. Ẹni tó mọ onílé ìtẹ̀wé kan ní Mọ́kọ́lá, kó bá wa bẹ̀ ẹ́, kí àwọn ọmọ wá wo bí wọ́n ṣe ń tẹ ìwé. Ẹni tó mọ oníbúrẹ́dì, bákan náà. Kò ná wa ju owó mọ́tò àti mọ́ínmọ́ín tí a bá dì fún wọn lọ, ọmọ sì lè tibẹ̀ rí iṣẹ́ tó wù ú.

Ẹ̀kẹta ni Láyípo ní Òkè Àrẹ̀, tí wọ́n kọ́ ní 1936. Ìyẹn wà fún ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá là. Láti òkè ibẹ̀, ọmọ á rí bí ìlú ṣe lọ sókè sódò, á mọ ibi tí omi ń gbà. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó wà ní ṣíṣí. Bí àrá bá sán, kí ẹnikẹ́ni má gun ibẹ̀, àfi tí ìṣẹ́jú 30 bá ti kọjá lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn.

Ta ni yóò tẹ̀ lé wọn? A mọ̀ pé ìyá tó fi ìsọ̀ sílẹ̀ pàdánù ọjà ọjọ́ náà. Ẹ jẹ́ ká máa ṣe é bí àjọ: ìyá méjì lọ́sẹ̀ yìí, méjì mìíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí àwọn ará ìsọ̀ tó kù bá wọn tajà. Kí àwọn ọmọ má ju 10 lọ. Kí kálukú mú agboòrùn, ẹ̀wù kan sí i, ọ̀rá tó máa fi wé fóònù, àti nọ́ńbà ìyá ẹ̀ lórí ìwé.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ gbọ́ o. Omi tó ń sáré, bí kò tiẹ̀ ju ínṣì 6 lọ, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Tó bá tó ínṣì 12, ó lè gbé ọkọ̀ kékeré. Ẹ má wọ̀ ọ́. Ibi tí òjò bá ká yín mọ́, ẹ dúró síbẹ̀, kí ẹ pè wá.

Ẹ̀yin ìyá, èyí tó kẹ́yìn yìí, tiwa ni. Kí ló ń mú ọmọ kọjá nínú àgbàrá? Ẹ̀rù ilé ni. Ó mọ̀ pé bí òun bá pẹ́, ariwo ń bẹ. Ẹ jẹ́ ká ṣe àdéhùn kan lónìí: ọmọ tí òjò dá dúró, tó sì pè wá, a ò ní bú u, a ò ní nà án. Bó di alẹ́, ká gbé oúnjẹ ẹ̀ dè é. Ọmọ tó pẹ́ kó tó dé, ọmọ wa náà ni.

Omi ò ní gbé wa lọ́mọ lọ. Àṣeyí ṣàmọ́dún o.