Àwòdì Apẹja Tó Kú sí Sẹ̀nẹ̀gàl

Bismillahi Rahmani Rahim. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó dá ẹyẹ ojú òfurufú, tó sì dá ẹja inú ibú. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàábé rẹ̀.

Láti Ilo-Awela ní Ọ̀tà ni a ti ń sọ̀rọ̀. Lónìí, ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni a gbé wá. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Ẹyẹ kan wà tí òyìnbó ń pè ní osprey. Àwòdì apẹja ni a ó máa pè é, torí pé ẹja nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ oúnjẹ rẹ̀. Àyà rẹ̀ funfun, ìlà dúdú kan sì gba ojú rẹ̀ kọjá. Á máa rábàbà lókè omi. Bó bá ti fojú gán-án-ní ẹja, á ká apá kò, á fẹsẹ̀ wọ omi, á tún gbéra tòun tẹja. Ẹni tó bá ń lọ sétí ọ̀sà Èkó lásìkò ọyẹ́ lè ti rí i rí láìmọ orúkọ rẹ̀. Àlejò ni. Ilẹ̀ Yúróòpù ni àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa ti ń pamọ.

Ohun tó yà wá lẹ́nu jù ni ti àwọn ọmọ wọn. Ìyá ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Bàbá á dúró díẹ̀ sí i, á máa gbé ẹja wá. Tó bá yá, ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin láyé á dìde lóun nìkan, kò sẹ́ni tó mú un lọ́wọ́, á dorí kọ gúúsù. Á kọjá òkun, á kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà níbi tí omi ti ṣọ̀wọ́n. Àwa tí a ń gbààwẹ̀ yìí, a mọ wákàtí tí a ó ṣínu. Òun kò mọ ọjọ́ tí yóò kan omi. Bó bá délẹ̀ wa láàyè, á tó bí ọdún méjì kó tó padà síbi tí wọ́n bí i sí. Ọ̀pọ̀ wọn ni kì í padà.

Láyé àtijọ́, òrùka tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí ni wọ́n ń fi sẹ́sẹ̀ ẹyẹ, kí ẹni tó bá rí òkú rẹ̀ lè kọ lẹ́tà. Wọ́n ṣì ń fi í sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré kan ti dé báyìí, tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹyẹ lẹ́yìn bí ọmọ iléèwé ṣe ń gbé báàgì. Oòrùn ló ń fún un lágbára. Ó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, ẹni tó jókòó sílé á sì máa rí àmì ẹyẹ náà lórí máàpù, bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti ìlú dé ìlú.

Lọ́dún 2012, létí odò Dyfi ní ilẹ̀ Wales, ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Nora àti bàbá tó ń jẹ́ Monty pa ọmọ mẹ́ta. Nínú oṣù kẹfà, òjò pẹ̀lú ìjì dé. Méjì kú. Ẹ̀kẹta ku díẹ̀ kó tẹ̀lé wọn. Kámẹ́rà wà lójú ìtẹ́ náà, àwọn èèyàn ń wò ó. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ gun òkè lọ, wọ́n fọwọ́ ara wọn fún un lẹ́ja jẹ. Ó yè. Ceulan ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kọ́ ọ lẹ́yìn, ó fò, ó sì dé Sẹ̀nẹ̀gàl láyọ̀. Ibẹ̀ ló kú sí lọ́dún kan náà, inú àwọ̀n apẹja ló há sí. Ọkàn àwọn tó ń tẹ̀lé e bàjẹ́ gidigidi.

Ẹlòmíràn á ní: ebi ń pa èèyàn, òyìnbó ń ṣọ̀fọ̀ ẹyẹ! A gbọ́. Àmọ́ ẹ rántí Abu Umayr, àbúrò Anas. Ọmọdé ni, ó ní ẹyẹ kékeré kan tó fi ń ṣeré, ẹyẹ náà sì kú. Ànábì wa, pẹ̀lú gbogbo ẹrù tó wà lọ́rùn rẹ̀, wọlé wá, ó rí i pé ojú ọmọ náà kò dùn, ó sì bi í léèrè ọ̀rọ̀ ẹyẹ rẹ̀. Kò sọ fún un pé ẹyẹ lásán ni. Bukhari àti Muslim ló gba hádíìsì yìí wá. Abu Dawud náà gba ti ìrìnàjò kan wá, níbi tí àwọn Sàábé ti mú ọmọ ẹyẹ, tí ìyá ń rà bàbà lórí wọn; Ànábì ní kí wọ́n dá ọmọ rẹ̀ padà fún un.

Ní tiwa, àwọ̀n yẹn ló ká wa lára jù. Ìjì Wales kò rí Ceulan pa, aṣálẹ̀ kò rí i pa, àfi ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ wa. A kò bá apẹja náà wí. Hàlálì rẹ̀ ló ń wá, àwọ̀n kò sì mọ ẹyẹ yàtọ̀ sí ẹja. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ní adágún ẹja lágbègbè wa, tí ẹ ń ta àwọ̀n bò ó nítorí ẹyẹ, ẹ̀tọ́ yín ni, a kò ní kí ẹ fi gbogbo ẹja yín ṣe sàráà. Ẹ ṣáà ta á kó le dáadáa. Èyí tó dẹ̀ ló ń lọ́ mọ́ ẹyẹ lápá. Èyí tó bá ti gbó, ẹ má jù ú sódò. (Odò Ilo tiwa yìí, pẹ̀lú ìdọ̀tí tí a ń dà sí i, bóyá ni àwòdì apẹja kan tún máa bojú wò ó.)

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà tún kù. Lọ́dún 2013, ní Qena ní Íjíbítì, wọ́n mú ẹyẹ àkọ̀ kan tó gbé irú rẹ̀, wọ́n ní amí ni, wọ́n fà á fún ọlọ́pàá. Wọ́n tú u sílẹ̀ nígbà tó yá, kò sì pẹ́ táwọn kan fi pa á jẹ. Níbí, a kò ní pè é ní amí. Ẹ̀yin náà mọ orúkọ tí a ó pe ẹyẹ tó gbé nǹkan dúdú sẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ẹyẹ àjẹ́. Bó bá wà láàyè, ẹ tú u sílẹ̀. Bó bá ti kú, ẹ da nọ́ńbà ara òrùka rẹ̀ kọ, ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rí i, kí ẹ kó o lọ fún Nigerian Conservation Foundation ní Lẹ́kí. Ẹnì kan wà níbì kan tó ń wo máàpù, tí àmì ẹyẹ náà kò kúrò lójú kan láti ọjọ́ bíi mélòó, tí kò sì mọ̀ bóyá ó ń sinmi ni tàbí ó ti kú.